Yanrìn Abẹ́ Àga

Èmi kì í ṣe ẹni tí í tètè sọ̀rọ̀. Bí mo bá rí nǹkan, mo máa ń dúró ni. N óò wò ó, n óò tún un wò, ìgbà tí n óò bá fi la ẹnu, ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ á ti ṣẹlẹ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ ló rí pẹ̀lú Hamid, ọkọ mi àkọ́kọ́, bàbá Qàwíyyàt. Òwúrọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ wọ ọkọ̀ padà sí Abíjáǹ, mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn ń dún bí ìgbà tí èèyàn bá ń họ ìdí ìkòkò. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo ní ta ni mí tí n óò máa sọ̀rọ̀ ọkọ̀ níwájú awakọ̀? Mo juwọ́ sí i, mo wọlé. Wọn ò dé Abíjáǹ. Ìlú kan lójú ọ̀nà ni wọ́n sin ín sí, mi ò tíì mọ orúkọ ìlú náà pè títí dòní.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni Ràmọ́nù gbé àga bọ́ọ̀sì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa rán aṣọ sí àga ọkọ̀, ní Ẹ̀jìgbò, nítòsí gáréèjì. Wọ́n á tú àga wá, n óò wọ̀n ọ́n, n óò gé lẹ́dà, n óò rán an, wọ́n á gbé e lọ. Ọkùnrin ni gbogbo oníbàárà mi. Mi kì í wo ojú wọn. Ìdí àga ni mo máa ń wò.

Eléyìí gbé àga sílẹ̀, ó nu òógùn, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, màdáàmù. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń daṣọ bo àga tó bá wà níhòhò."

Mo ní, "Àga ta ló wà níhòhò?"

"Àga ọkọ̀ ọ̀gá mi ni. Tèmi náà wà níhòhò nílé, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ti ọkọ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Abẹ́rẹ́ gún mi níka nítorí ẹ̀rín yẹn. Kíá ló sún mọ́ mi, ó di ìka náà mú, ó ní, "Yàkó, yàkó." Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí nǹkan ń dùn nìyẹn ní Abíjáǹ. Hamid náà máa ń sọ ọ́. Mo gba ìka mi padà. Inú mi dùn, ara mi sì tutù lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni. Ogún ọdún ó lé ló fi wa takisí ní Abíjáǹ. Ìyàwó tó fẹ́ níbẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Oko kaṣú bàbá rẹ̀ ló padà wá tọ́jú, ó sì ń wa bọ́ọ̀sì ọlọ́kọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ bí iṣẹ́ oko bá dín. Ó tún gbé àga mìíràn wá lọ́sẹ̀ kejì. Ó gbé ẹ̀kẹta wá. Nígbà tó gbé ẹ̀kẹrin wá, mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá Ràmọ́nù, èmi ni mo rán èyí lóṣù tó kọjá. Ẹ̀yin lẹ fi ọ̀bẹ ya á."

Ó wolẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá mi náà ti fura."

Òun ló rán alárenà sí mi. Alárenà náà ni Ògúnbùnmi, ẹni tó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rẹ́ Hamid ni nígbà ayé rẹ̀, ó sì ti mọ Ràmọ́nù láti Abíjáǹ. Ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn ni. Ó mú ọ̀rọ̀ wá, ó mú èsì lọ. Nígbà tí mo ní mo gbọ́, ó ní ó kù kí òun lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, Alájì Jímọ́ọ̀, nítorí bàbá wa ti kú.

Ẹ̀yìn kọ́tíìnì ni mo wà lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Awakọ̀? Awakọ̀ ló pa ọkọ rẹ̀ kìíní."

Ògúnbùnmi ní, "Alájì, ọjọ́ ló pé, awakọ̀ kọ́."

"Ó lo ogún ọdún lókè òkun, ó dé, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló ń wà. Kí ló mú bọ̀? Fìlà?"

"Ó ní oko kaṣú."

"Ṣé orí ẹ̀ka kaṣú ni àbúrò mi máa jókòó sí lọ ilé ọkọ ni? Mi ò gbé àbúrò mi sẹ́yìn ọ̀kadà o. Ọjọ́ tó bá gbé ọkọ̀ tirẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà yìí ni n óò gbà pé ó ń fẹ́ ìyàwó."

Ògúnbùnmi tẹrí ba. Ó ní, "Mo jẹ́rìí ọkùnrin náà, Alájì. Bó bá jẹ́ ti ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe." Bó ṣe tẹrí ba yẹn, ojú rẹ̀ kọ sí ọ̀dọ̀ mi. Kò mọ̀ pé mo ń rí òun. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹni tó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ̀. Ẹ̀rín ẹni tó ti rí oníbàárà ni.

Mo rí i. Mi ò sọ fún ẹnì kankan.

*

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ fèrè lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Ràmọ́nù ló wà nínú ọkọ̀ kan tí mi ò rí irú rẹ̀ rí ní Ẹ̀jìgbò. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni. Kì í ṣe kékeré tí orúnkún á máa kan àgbọ̀n, kò sì ga bíi jíìpù. Agbedeméjì ni, ó gùn nídìí, ilẹ̀kùn mẹ́rin, búùtù rẹ̀ gba àpò gààrí mẹ́rin. Pupa rẹ̀ dúdú bí omi sóbò. Àwọn ọlọ́kadà ti pagbo yí i ká, wọ́n ń pè é ní "Amẹ́ríkà! Amẹ́ríkà!"

Ràmọ́nù ṣílẹ̀kùn fún mi. "Wọlé, Mosún. Jókòó wò."

Mo tẹrí wọlé, mi ò jókòó. Páálí olóòórùn dídùn mẹ́ta ló so kọ́ iwájú gíláàsì. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó, kí ni ẹyọ kan ṣe tí mẹ́ta fi wà níbẹ̀? Lábẹ́ òórùn dídùn yẹn, òórùn mìíràn wà níbẹ̀, bí òórùn aṣọ tí wọ́n ká sí àpótí kó tó gbẹ. Mo jáde, mo yípo iwájú. Inú iná ọwọ́ òsì ní omi. Omi kékeré, ẹ̀kán mélòó kan, ó wà lẹ́yìn gíláàsì níbi tí ọwọ́ ò lè dé. Ọkọ̀ náà ń wò mí bí ẹni tó ti sunkún tán tí kò tíì nujú.

"Oko ńkọ́?" ni mo bi í.

"Mo tà á."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Ṣé ìdajì ọkọ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n gbé wá ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò rín in.

Mo ní, "Ṣé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ẹ tó gbé e? Ṣé ẹ gbé mẹkáníìkì lọ?"

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ ta ni kí n gbé mẹkáníìkì lọ? Ògúnbùnmi? Ọkùnrin tó dúró níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ, tó ní òun mọ̀ mí, tí kò tú àpò mi wò? Ó jẹ́rìí mi láìyẹ̀ mí wò, kí n wá máa ṣí ọjà rẹ̀ nídìí? Kò dáa, Mosún. Bí mo bá yẹ ọ̀rọ̀ alárenà wò, ìwọ náà ni mo yẹ̀ wò yẹn."

Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn lọ́dọ̀ wa. Ilé ọkọ là ń wádìí. Ilé ìyàwó là ń wádìí. Ẹ̀gbọ́n mi ti rán èèyàn lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, wọ́n ti bi aládùúgbò Ràmọ́nù bóyá wàràpá wà nílé wọn, bóyá olè wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wádìí alárenà. Òun lojú tí a fi ń ríran, ta ló máa ń yẹ ojú ara rẹ̀ wò?

Awakọ̀ ogún ọdún. Ọkùnrin tó lè gbọ́ ẹ́ńjìnnì kó sọ ohun tó ń ṣe é. Ojú ń tì í láti ki ọwọ́ bọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì.

Èmi ni mo wò ó. Ó gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kejì kí n rán aṣọ tuntun sí àga rẹ̀, ẹ̀bùn ìgbéyàwó tèmi sí i. Mo tú ìdè àga ẹ̀yìn. Ìdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dípẹtà, ó rọ̀ jọ sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Mo gbé àga sókè.

Yanrìn ló wà níbẹ̀. Ó kúná bí èlùbọ́, ó rí bí eérú. Ilẹ̀ tiwa pupa. Yanrìn yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Ó fi ìlà sílẹ̀ lára irin, ìlà tó tẹ́jú gbọọrọ bí èyí tí ìkún omi máa ń fi sílẹ̀ sára ògiri. Nínú yanrìn náà ni mo ti rí ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kan, ẹyọ kan ṣoṣo, ó ti gan bíi pákó. Kò tóbi ju àtàǹpàkò mi méjì lọ.

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó tí mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí mo ń wò ó.

Nígbà tí Ràmọ́nù dé, mo fi yanrìn hàn án. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ pamọ́ sínú àpótí òwú. Ó bu yanrìn náà sọ́wọ́, ó fẹ́ ẹ dànù. "Yanrìn Kùtọnu ni. Etí òkun ni wọ́n máa ń gbé àwọn ọkọ̀ sí níbẹ̀." Ó fọwọ́ kan èjìká mi. "Mosún, ẹ̀rù ọkọ̀ ló ń bà ọ́. Mo mọ̀. Yàkó. Èmi kì í ṣe Hamid."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá mi lẹ́kun. Mo ní bóyá ẹ̀rù ni lóòótọ́. Bóyá èmi ni mo ń wá ikú kiri lábẹ́ àga.

*

Ṣùgbọ́n mi ò sùn dáadáa. Mo lọ bá Ògúnbùnmi fúnra mi. Ìyàwó rẹ̀, Damaris, jókòó lábẹ́ ibòòji pẹ̀lú ọmọ-ọmọ wọn lẹ́sẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó gbójú sílẹ̀. Kò kí mi. Obìnrin tó máa ń kí mi láti òdìkejì títì.

Ògúnbùnmi ní, "Ìyá Qàwíyyàt, ìyàwó wa! Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó, Bọ̀ọ̀dá Ògúnbùnmi. Mo ní kí n bi yín nípa yanrìn kan tí mo rí lábẹ́ àga…"

"Yanrìn!" Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ gbọ́ o. Wọ́n gbé ọkọ̀ fún obìnrin, yanrìn ló ń wá. Ẹ ò bá jẹ́ kó ra ọ̀kadà, kò sí yanrìn lábẹ́ ìyẹn."

"Iná iwájú náà lómi nínú."

Ẹ̀rín rẹ̀ tán. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Qàwíyyàt, èmi ni mo so okùn yìí. Ẹni tó sokùn ló mọ ibi tó ta kókó sí. Bí mo bá lọ sọ fún Alájì pé àbúrò rẹ̀ ń dọdẹ ọkọ̀ kiri, pé ó ní òmùgọ̀ lọkọ tí òun fẹ́ fẹ́, ṣé ẹ rò pé ìgbéyàwó á ṣì wà? Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni yín. Ta ni mo tún fẹ́ bá yín wá?"

Mo wẹ̀yìn rẹ̀. Ọkọ̀ bíi méje ló tò sílẹ̀. Ọkọ̀ funfun kan wà láàárín wọn. Inú iná rẹ̀ lómi.

Mo ní, "Ẹ má bínú." Mo lọ sílé.

Ẹ bá mi sọ ọ́. Kí ni ǹ bá ṣe? Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń dá jẹun. Ọkùnrin kan dé tó ń fọ̀bẹ ya àga kó lè rí mi.

*

Ọ̀sẹ̀ tí a máa so yìgì dé. Ẹ̀gbọ́n mi ní láti ọjọ́ Ajé lọ, èmi àti Ràmọ́nù ò gbọdọ̀ ríra, ohun tí a bá fẹ́ sọ, kí a rán alárenà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn. Mo gbà. Gbogbo nǹkan ni mo máa ń gbà.

Lọ́jọ́bọ̀, Ràmọ́nù gbé Qàwíyyàt lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti lọ kó ẹrù ìyàwó. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé. Ọmọ mi wọlé, ó jókòó sórí ibùsùn, kò bọ́ bàtà.

"Kí ló dé?"

"Mọ́mì, Ańkù ní kí n má sọ fún yín."

"Qàwíyyàt."

"Gbogbo iná ojú ọkọ̀ ló tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n kú lẹ́ẹ̀kan náà. Fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì kú. Ańkù di sítiárìn mú, kò yí. Bíréèkì le gbagidi. Tírélà ń bọ̀ níwájú, Mọ́mì, ó ń fọn fèrè, a ò lè yà…" Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Orí ló ní ká bọ́ sínú koríko. Ńṣe ni Ańkù ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n. Mo rí i."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ Hamid tó ń dún.

Qàwíyyàt ti kọ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ sínú fóònù rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dúró de mẹkáníìkì. Ọ̀dọ̀ mi náà ló ti jogún ojú wíwò. Ó tẹ nọ́ńbà náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì wò. Ó na fóònù sí mi.

Àwòrán ọkọ̀ wa ló wà níbẹ̀. Pupa bí omi sóbò. Àárín omi ló dúró sí ní Amẹ́ríkà, omi dé ibi ìdìmú ilẹ̀kùn. Títì ti di odò. Ilé funfun kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Kò sí èèyàn kankan nínú àwòrán náà.

Mo pe Ràmọ́nù. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ló ń lò, kò lè gba àwòrán. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá Ràmọ́nù, ọkọ̀ yẹn…"

"Àá! Ìyàwó! Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ká má sọ̀rọ̀. Wọ́n ti tún un ṣe lọ́dọ̀ Ògúnbùnmi, ó ti dáa. Rán alárenà sí mi!" Ó rẹ́rìn-ín, ó paná fóònù. Mo tún pè é. Kò gbé e.

Rán alárenà. Ta ni mo fẹ́ rán?

*

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ilé ẹ̀gbọ́n mi kún. Ọkọ̀ náà wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Òun ló máa gbé mi lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn bí wọ́n bá so yìgì tán. Èmi, Ràmọ́nù, Qàwíyyàt. Mo wo àga ẹ̀yìn láti ojú fèrèsé. Èmi ni mo rán aṣọ rẹ̀. Ó ń dán.

Wọ́n pè mí síta. Ààfáà ní, "Mosúnmọ́lá, Ràmọ́nù ní òun fẹ́ ọ. Ṣé o gbà á?"

Ó yẹ kí n dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ obìnrin, wọ́n máa ń kà á sí bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo wọn ti ń múra láti ṣe àmín.

Mo ní, "Mo gbà á." Ohùn mi kò jáde dáadáa. Mo tún un sọ. "Mo gbà á, Ààfáà. Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀bẹ̀ kan."

Ẹ̀gbọ́n mi yí ojú sí mi.

Mo ní, "Alárenà ló yẹ kó fà mí lé ọkọ mi lọ́wọ́. Mo bẹ Bọ̀ọ̀dá Ògúnbùnmi, kí wọ́n fúnra wọn wa ọkọ̀ náà lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Kí ìyàwó wọn, Damaris, jókòó tì wọ́n níwájú, kí wọ́n gbé ọmọ-ọmọ wọn lé ẹsẹ̀, kí ọmọ lè bá ìyàwó wọlé. Èmi àti ọkọ mi á tẹ̀lé wọn lẹ́yìn lórí ọ̀kadà."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ìyàwó gbọ́n! Ó fẹ́ fi alárenà ṣẹ̀sín!" Ràmọ́nù náà rẹ́rìn-ín. Ògúnbùnmi dìde, ó tún agbádá ṣe, ó na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ náà ń dún wínní wínní.

Ó ní, "Damaris, ó yá. Gbọ́mọ."

Damaris ò dìde.

"Damaris. Mo ní ó yá."

Ó fa ọmọ náà mọ́ra. Ó ní, "Mi ò wọ̀ ọ́."

Àwọn obìnrin yíjú sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ fúnra yín lẹ ní kí n má gbé ọmọ yìí sún mọ́ ọn, lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣàdédé ti ọmọ náà mọ́ inú ọkọ̀. Mi ò gbé e wọ̀ ọ́. Ẹ pa mí."

Fèrèsé ọkọ̀ tó wà níta sún sílẹ̀ díẹ̀, ó dúró. Gbogbo wa la gbọ́ ọ.

Ràmọ́nù kọ́kọ́ wo Ògúnbùnmi. Lẹ́yìn náà ó wò mí. Mi ò rí ojú tó rí báyẹn rí lára ọkùnrin. Qàwíyyàt gbé fóònù fún un, ó rí ọkọ̀ rẹ̀ nínú omi. Ó jáde lọ, ó gbé ọwọ́ lé orí ọkọ̀ náà, ó dúró síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti gbaná jẹ. "Kò sọ́kọ̀, kò sí ìyàwó! Mo ti sọ ọ́!"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní kó gbé ọkọ̀ wá. Ó gbé e wá. Ó ta oko bàbá rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu yín."

"Ṣé ìwọ Mosúnmọ́lá ló ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Èmi ni. Mo dákẹ́ fún Hamid. Mi ò ní dákẹ́ fún eléyìí."

Ààfáà wúkọ́. Ó ní, "Alájì, obìnrin ti ní òun gbà. Kí lẹ ní ká ṣe?"

Ó pẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó. Kò wò mí. Ó ní, "Ẹ so ó."

Nígbà tí mo jáde bá Ràmọ́nù, kò yíjú. Ó ní, "Mosún, mo ta oko."

Mo di ìka rẹ̀ mú. Mo ní, "Yàkó."

Ẹ̀yìn ọ̀kadà ni mo gùn lọ sílé ọkọ, pẹ̀lú gèlè lórí.

*

Wọ́n fa ọkọ̀ náà tẹ̀lé wa, abẹ́ odán iwájú ilé ni wọ́n gbé e sí. Ògúnbùnmi ní kò sí ẹni tó máa ń dá tòkunbọ̀ padà. Ràmọ́nù padà sídìí bọ́ọ̀sì ọlọ́kọ̀. A ń jẹ, a ń mu. Ìgbà mìíràn, bí òjò bá rọ̀, iná rẹ̀ á ṣàdédé tàn, á mọ́ ojú fèrèsé wa, á sì kú. Ràmọ́nù á ní, "Ó ń kí wa." Kì í dùn mọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Ògúnbùnmi dé. Ojú ọ̀nà ló dúró sí, kò wọ àgbàlá.

"Ọkọ ìyàwó, ìyàwó wa. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé òkú irin yìí kúrò. N óò san nǹkan gidi. Oko kan wà lẹ́bàá odò tí ẹ lè fi owó náà rà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí ẹ tà."

Ràmọ́nù ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo ti rí ẹni tó fẹ́ ẹ. Ọkọ ìyàwó kan ní Masifa. Ọmọ dáadáa, èmi ni mo ń ṣe alárenà wọn."

Ràmọ́nù yíjú sí ọkọ̀ náà. Ó wò mí. Mo mọ ohun tó ń rò. Kaṣú ló ń rò. Mo wọlé, mo ṣí àpótí òwú mi, mo mú ìbọ̀sẹ̀ yẹn jáde, mo gbé e lé orí ọkọ̀ náà níwájú àwọn méjèèjì.

Ràmọ́nù ò tíì rí i rí. Ó mú un. Ó wọ àtàǹpàkò rẹ̀ kan bọ̀ ọ́, kò gbà á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Sísọ́ọ̀sì."

Mo gbé èyí tí mo fi ń gé lẹ́dà fún un. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé wáyà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fà á tu bí ìfun ẹran. Ògúnbùnmi dúró wò títí ó fi ṣe tán. Kò bínú. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ó gbọn eruku agbádá rẹ̀, ó ní, "Kò burú. Ọkọ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ mi." Ó lọ.

Mo rántí èyí funfun. Inú iná rẹ̀ lómi.

Àwọn àgbà ní bí ojú bá mojú, alárenà á yẹ̀bá. Tiwa ò yẹ̀bá. Ó gba ọ̀nà Masifa lọ.

Òjò ti ń ṣú. Mo wọlé, mo mú ìborùn mi, mo mú ìbọ̀sẹ̀ náà lọ́wọ́ Ràmọ́nù.

Ó ní, "Mosún, níbo lò ń lọ nínú òjò yìí?"

"Masifa. Mo fẹ́ rí ìyá ìyàwó kan."

"O ò mọ̀ wọ́n. Wọ́n lè lé ọ."

"Wọ́n lè lé mi."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ó jáde sójú ọ̀nà, ó na ọwọ́ pe ọlọ́kadà. Mo gun ẹ̀yìn ọ̀kadà náà, mo ní kí ó máa sáré, kí alárenà má baà ṣáájú wa débẹ̀.